Ọdún Tí Ọ̀sán Dòru: Bí Àwọn Àgbà Ìbàràpá Ṣe Ń Ka Ọdún Láìsí Ìwé

Láràárọ̀ ni rédíò àti fóònù máa ń rán wa létí pé ní irú ọjọ́ òní, ní ọdún báyìí, nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀: wọ́n fi ọba kan jẹ níbì kan, ọkọ̀ òkun kan rì, ẹnì kan gun òkè tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí. Ó dára kéèyàn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ka ìtàn nílẹ̀ Ìbàràpá kí kàlẹ́ńdà tó di ohun tí à ń gbé kọ́ ògiri pálọ̀. Àwọn àgbà kì í so ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́ ọdún. Ọdún ni wọ́n ń so mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀.

Ká ní o lọ béèrè ọdún tí wọ́n bí ìyá àgbà kan ní Pákọ̀, ní Igbó-Ọrà. Wọn ò ní pe nọ́ńbà kankan fún ọ. Wọ́n á ní, “Mo ti ń kiri ẹ̀kọ lọ́dún tí ọ̀sán dòru.” Akọ̀wé tó bá ń kánjú á kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé màmá kò mọ ọjọ́ orí wọn. Màmá mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti sọ ọ́. Akọ̀wé ni kò mọ ohun tó gbọ́.

Ọ̀sán dòru lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù karùn-ún, ọdún 1947. Òṣùpá bo oòrùn lójú pátápátá. Òjìji rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó la Brazil kọjá, ó sọdá òkun, ó gba Làìbéríà, Gold Coast, Tógò àti Dàhòmì wọ Nàìjíríà, kó tó forí lé ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ sánmà ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ dórí ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ní òun ti tó ọmọ tí ń gbé igbá ẹ̀kọ lórí lọ́jọ́ náà ti fún wa ní ẹ̀rí tó dájú ju déètì tí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ búra fún ní kóòtù lọ.

Ohun tó ṣòro ni pé kí ẹni tó ń gbọ́ mọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni mowó, kó sì mọ ọdún tí kálukú wọn bọ́ sí. Ìlú méje ló ń jẹ́ Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán. Kálukú ló ní ọba tirẹ̀, ìgbà tí ọba gorí ìtẹ́ àti ìgbà tó wàjà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń ka ọdún. Ní Igbó-Ọrà wọ́n á ní “nígbà Olú báyìí,” ní Èrúwà wọ́n á dárúkọ Elérùúwà kan, ní Láńlátẹ̀ wọ́n á dárúkọ Onílàlà. Ìyẹn wúlò fún ará ilé, àmọ́ àlejò tí kò mọ ètò oyè ìlú náà á sọnù síbẹ̀. Èyí tó kan gbogbo ìlú méjèèje ló dára jù láti fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ìbàràpá wà láàárín Òkè-Ògùn àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, nítorí náà wàhálà tó bá ṣẹlẹ̀ lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀ ló ń dé etí wọn. Ní 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde sí ìjọba òyìnbó. Ìjọba tẹ̀ wọ́n rì, nígbà tó sì di 1917, Òkèihò kó kúrò láàárín àwọn òkè tó yí i ká wá sí ibi tó wà lónìí. Ní 1918, àwọn Ẹ̀gbá gbé ìbọn nítorí owó orí. Ogun Àdúbí nìyẹn. Kí ọdún ọ̀hún tó parí, ọ̀fìnkìn apani tó ń jà káàkiri ayé bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó, ó sì gba ibẹ̀ wọ ìlú òkè. Lùkúlùkú ni ọ̀pọ̀ àgbà ń pè é. Bí bàbá kan bá ní wọ́n bí bàbá òun “kí lùkúlùkú tó jà,” tí ẹlòmíràn ní wọ́n bí tòun “lẹ́yìn ogun Àdúbí,” ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì fi ṣe àmì, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀.

Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ìràwọ̀ onírù. Lóòótọ́, ìràwọ̀ Halley yọ ní 1910, gbogbo ayé sì rí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún kan náà, òmíràn tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ ti yọ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ní òun rí ìràwọ̀ onírù, èwo nínú méjèèjì ló rí? Ọdún kan náà ni wọ́n sáà bọ́ sí, ìyẹn ló fi dùn. Tó bá di ọ̀rọ̀ oṣù, kò tún ràn wá lọ́wọ́ mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ wá fún wa ní òmíràn tó lágbára. Ní 17 oṣù kìíní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ìjọba ń fẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ní ìwé ìbí lọ́wọ́? Tíṣà á ní kí ọmọ dúró ṣánṣán, kó na apá ọ̀tún gba àtàrí kọjá, kó fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀, ọmọ á sì sunkún relé. Ọmọ tí apá rẹ̀ gùn ń wọlé ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí apá tirẹ̀ kúrú. Ìdí nìyí tí ọjọ́ orí inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ fi ń yẹ̀ lórí òtítọ́ ní ilé púpọ̀, tí àbúrò fi dàgbà ju ẹ̀gbọ́n lọ nínú sátífíkéètì.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó àtijọ́ tó ti di tiwa náà máa ń tú àṣírí ọdún. Bàbá tó bá ní òun ka “sítáńdáàdì síìsì,” ètò àtijọ́ ló bá, torí pé láti 1955 ni ọdún mẹ́fà ti píráímárì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ọdún mẹ́jọ ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó ní òun lọ “Mọ́dà,” ìyẹn “modern school,” kò lè ti lọ ṣáájú ọdún yẹn, torí pé ìgbà náà ni irú ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu, ẹ má ṣe bá wọn tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ẹ̀rí.

Ti òṣèlú tún wà níbẹ̀. Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tí èdè òyìnbó ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi, lo “peculiar mess” nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn tí kò gbọ́ òyìnbó sọ ọ́ di “penkelemẹ́ẹ̀sì,” ó sì di orúkọ mọ́ ọn lára. Adélabú kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 25 oṣù kẹta, 1958, ìgboro Ìbàdàn sì gbóná. Ìbàràpá kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn ìgbà penkelemẹ́ẹ̀sì, ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira 1960 ló ń sọ. “Wẹ́tìẹ́” ní tirẹ̀ ṣe déédéé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìdìbò 11 oṣù kẹwàá, 1965, ni wọ́n ń wọ́n bẹntiróòlù sí ilé àti èèyàn lára káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n ń ṣáná sí i, títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní 15 oṣù kìíní, 1966. Oṣù mẹ́ta péré ni. Ẹni tó bá bímọ nínú wẹ́tìẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ oṣù tó bí i tán.

Owó ńkọ́? Kí náírà tó dé ní 1 oṣù kìíní, 1973, kọ́bọ̀ méjìlá ló wà nínú ṣílè, ogún ṣílè sì wà nínú pọ́n-ùn. Tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ mẹ́fà, oníní sì kéré débi pé mẹ́wàá rẹ̀ ló ń di kọ́bọ̀ kan. Nígbà tí owó yí padà, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá tuntun, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Bàbá tó bá ní pọ́n-ùn ni òun fi dáná ìyàwó, kí 1973 tó dé ló ṣe é. Tó bá jẹ́ ọ̀kẹ́ owó ẹyọ ló ń dárúkọ, bàbá rẹ̀ tàbí bàbá bàbá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí. Ẹnu àwọn ìyá ọjà kò tètè jáwọ́ nínú owó àtijọ́. Ó pẹ́ lẹ́yìn 1973 tí wọ́n ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè, títí dòní ni àwọn mìíràn sì ń pe ₦200 ní àpò kan, torí pé ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni àpò tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí owó náà rà, ẹ má wo orúkọ rẹ̀ nìkan.

Àwọn tó tẹ̀ lé e kò gba àlàyé púpọ̀. Ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún títì ní 2 oṣù kẹrin, 1972. Àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Údójì dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ láàárín 1974 sí 1975. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 3 oṣù kejì, 1976. Wọ́n ní kí àwọn ará Gánà máa lọ ní oṣù kìíní, 1983, báàgì tí wọ́n kẹ́rù sí sì ń jẹ́ “Ghana Must Go” títí dòní. Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní 1986.

Ní báyìí, ká wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ká padà sọ́dọ̀ màmá tó ń kiri ẹ̀kọ. Ọmọ mélòó ọdún ló ń kiri ẹ̀kọ? Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè kiri, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà lè kiri, nítorí náà ẹ̀rí kan ṣoṣo fún wa láyè tó gbòòrò: láti 1933 títí dé 1939. Béèrè sí i: ṣé wọ́n tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n kiri ni, àbí àwọn nìkan ló ń lọ? Wọ́n á ní, “Èmi nìkan ni mò ń gbé e rìn dé Ìdèrè, tí mo tún ń ka owó ìyá mi bọ̀.” Ọmọ ọdún mẹ́jọ kọ́ nìyẹn. Tún béèrè nípa àkọ́bí. Wọ́n ní kò tíì pẹ́ tó já lẹ́nu ọmú nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmú ọdún méjì sí mẹ́ta ni ìyá ń fún ọmọ láyé ìgbà náà, a jẹ́ pé 1951 tàbí 1952 ni wọ́n bí àkọ́bí. Bí wọ́n bá wọlé ọkọ ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tàbí méjìdínlógún, ọdún ìbí wọn kò ní jìnnà sí 1933 sí 1935. Ẹ̀rí méjèèjì ti fún ara wọn lọ́rùn, àlàfo ọdún mẹ́fà ti di méjì.

Ẹ̀rí kẹta wà tí òyìnbó kò ní, èmi sì kà á sí èyí tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìyàwó ilé Yorùbá kì í fi orúkọ pe ọmọ ọkọ tó bá bá nínú ilé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó gbọ́dọ̀ fún un ní orúkọ mìíràn: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó, tàbí kó kàn máa pè é ní “ọkọ mi.” Èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn tó ti wọlé, orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń pè. Nítorí náà, ẹ jókòó sínú agbolé náà títí dìrọ̀lẹ́, kí ẹ máa fetí sí bí màmá ṣe ń ké sí àwọn ọkùnrin tó ń wọlé láti oko. “Akọ̀wé, ẹ kú àbọ̀.” Wọ́n ti bí Akọ̀wé kí màmá tó dé. “Lásísì, ṣé o ti dé?” Ẹ̀yìn màmá ni wọ́n bí Lásísì. Bí Lásísì bá ní ìwé tó sọ pé 1952 ni wọ́n bí òun, ìgbéyàwó màmá ti ṣáájú 1952, ó sì bá ti àkọ́bí mu. Màmá lè gbàgbé ọdún, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá wọn jà. Wọn ò lè ṣi orúkọ pè láàárín agbolé fún ọgọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ àmútọ̀runwá. Ní Igbó-Ọrà tí ayé ń pè ní ìlú ìbejì, tí àwọn dókítà ti ka ìbejì 45 sí 50 nínú ìbí 1,000 lágbègbè wa, ìdílé tí kò ní Táyé àti Kẹ́hìndé ṣọ̀wọ́n. Ìdòwú ló ń tẹ̀ lé ìbejì, Àlàbá ló ń tẹ̀ lé Ìdòwú. Bí ẹ bá ti mọ ọdún tí wọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, ẹ lè fi ọdún méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta tò wọ́n sókè sódò. Babátúndé àti Yétúndé ń sọ ìgbà tí àgbà kan kú nínú ìdílé. Abíọ́dún ń sọ pé wọ́n ń ṣe ọdún kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí i, ẹ béèrè èwo.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ó máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún, nítorí náà ó ń gbà á tó ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kó tó padà sí àsìkò tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ìyá kan bá ní òun bímọ nínú ààwẹ̀, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, láàárín 1965 sí 1968 ni, tàbí láàárín 1997 sí 2000. Bó bá ní òjò ń rọ̀, tí wọ́n ti ń kó ẹ̀gúsí wálé láti oko, ẹ wo 1949 sí 1951, tàbí 1981 sí 1983. Ojú ìyá fúnra rẹ̀ á sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé kò ju mélòó kan lọ. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ìṣirò: ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná an bí a bá fi kàlẹ́ńdà òyìnbó wò ó. Ọdún náà bẹ́ẹ̀. “Ọdún kẹta” lẹ́nu àgbà lè jẹ́ ọdún méjì lórí ìwé. Èkejì, bí ẹ bá béèrè iye ọdún tààrà, ọgọ́ta, àádọ́rin tàbí ọgọ́rin ni wọ́n á pè fún yín, torí nọ́ńbà tó pé ló rọrùn lẹ́nu. Àwọn tó ń ka èèyàn mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ẹ béèrè pé, “Ta ló ṣáájú nínú ẹ̀yin àti Bàbá Ìdòwú?” Ìyẹn ni wọn kì í ṣì, torí òun ni wọ́n fi ń pín ẹran, òun ni wọ́n fi ń jẹ oyè agbolé. Èyí tó sì burú jù ni ti ẹni tó nídìí láti dín ọjọ́ orí kù nítorí iṣẹ́ ìjọba, tàbí láti fi kún un nítorí oyè. Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn lásán ni mò ń sọ. Láti 1963 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wá gbé ní Igbó-Ọrà láti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ará ìlú níbi tí wọ́n ń gbé. Dókítà tí kò mọ ọjọ́ orí ọmọ kò lè mọ̀ bóyá ọmọ náà rù tàbí ó tóbi tó, kò lè mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kàn án. Nígbà tí sòbìà ṣì ń dá ẹsẹ̀ àgbẹ̀ dúró ní Ìdèrè, kí àjọ ìlera àgbáyé tó kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí fi ń mọ ìgbà tí àrùn náà mú ẹnì kan ni pé àkókò gbígbin iṣu ni tàbí àkókò ọyẹ́. Ọmọ tí wọ́n ń bí lónìí yẹ kó ní ìwé. Òfin 1992 ti sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn. Àwọn tí kò ní ìwé ló kù, àwọn náà sì ni wọ́n ti dàgbà jù nínú wa. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún méje ní 1947 ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ọmọ Ìbàràpá nílé lóko, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú kí ẹ tó máa wá ọdún tí ẹ máa tẹ̀ sórí pósítà. Ẹ ra ìwé kan, ẹ lọ jókòó ti àgbà tó kù nínú agbolé yín, kí ẹ kọ gbólóhùn wọn bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ọdún tí ẹ ṣírò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá gbọ́n jù yín lọ lè tún un ṣírò lọ́la.